Ọmọ Mẹ́rin Péré Ni Ìwé Ìjọba Gbà

Ọ̀mù-Àrán ni wọ́n ti bí Ọláyíwọlá, ṣùgbọ́n Ìlọrin ló fi í joyè tí kò du: Akọ̀wé Àwọn Kọngílá. Ó ti ṣiṣẹ́ rí ní ọ́fíìsì owó-orí, kó tó fi ibẹ̀ sílẹ̀, tó gba yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta ọkà bàbà lọ́jà Ìpatà. Ẹ ṣáà rántí ọdún Údójì, nígbà tí owó dé, tí ẹnikẹ́ni tó bá ti lè to búlọ́ọ̀kù méjì léra ń pe ara rẹ̀ ní kọngílá. Wọ́n mọ ilé kọ́, wọn ò mọ owó-orí ṣírò, wọn ò sì lágbára àtigba akọ̀wé olóṣù. Ni wọ́n bá ń pín Ọláyíwọlá lò. Bó bá ti to rìsíìtì sìmẹ́ńtì lágbájá tán, a bọ́ sórí ti làkáṣègbè.

"Ẹ má jí owó ìjọba," ló máa ń wí fún wọn, "ṣùgbọ́n ẹ má fi tiyín ta ìjọba lọ́rẹ. Ohun tí òfin bá ní kí wọ́n yọ fún yín, ẹ gbà á."

Ẹni tó sún mọ́ ọn jù nínú wọn ni Alájì Àúdù, bíríkìlà tó di kọngílá. Onínúure èèyàn ni, wàláì, àfi pé ẹnu rẹ̀ kò mọ àlàyé ṣe. Òfin ìgbà náà máa ń dín owó-orí kù fún ẹni tó bá ń tọ́mọ, ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́rin péré ni wọ́n ń kà. Bó o bí ogún, mẹ́rin náà ni. Alájì bí mẹ́fà: Hajarat ìyálé bí mẹ́rin, Ràúdátù ìyàwó kékeré bí méjì. Ọláyíwọlá bẹ̀rẹ̀ látorí àkọ́bí, ó kọ orúkọ mẹ́rin, ọmọ Hajarat sì ni gbogbo wọn. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Alájì délé tayọ̀tayọ̀. Ó ní Akọ̀wé ti bá òun dín owó-orí kù, ó ti kọ orúkọ àwọn ọmọ Hajarat ránṣẹ́ sí ìjọba. Ràúdátù, tó ń rokà lọ́wọ́, béèrè pé tòun ńkọ́?

"Ìwé ìjọba ò gba tìẹ," ni Alájì wí, ó bá bọ́ sí balùwẹ̀ lọ.

Ẹ gbọ́ o! Ṣé bí wọ́n ṣe ń bá ìyá ọmọ sọ̀rọ̀ nìyẹn? Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ohun tí Ràúdátù gbọ́ ni pé ọkọ òun ti sẹ́ àwọn ọmọ òun níwájú ìjọba. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti di ẹrù, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀, ó di ilé bàbá rẹ̀ ní Pàkátà. Alájì ránṣẹ́ ránṣẹ́, kò wá.

Ni Alájì bá wá s'Ípatà, ó jókòó sórí àpótí, omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Akọ̀wé, ilé mi ti tú." Nígbà tí Ọláyíwọlá gbọ́ bó ṣe sọ ọ́, ó káwọ́ lérí. "Háà, Alájì! Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, èmi ni mo kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n lọ bẹ̀ wọ́n."

Àfáà ni bàbá Ràúdátù. Ó ní kí wọ́n gbómi fún àlejò, ó pe ọmọ rẹ̀ jáde, ó sì padà sídìí àwọn ọmọ kéwú rẹ̀. Ràúdátù kúnlẹ̀ kí Ọláyíwọlá, Safiyat, ọmọ rẹ̀ kékeré, wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ le.

"Ẹ̀bi mi ni, ìyàwó wa," ni Ọláyíwọlá wí. "Ìwé yẹn kò sọ ẹni tó jẹ́ ọmọ Alájì àti ẹni tí kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Mẹ́rin péré ni wọ́n ń kà, èyíkéyìí tí mo bá sì kọ, bákan náà ni. Orí àkọ́bí ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mi ò dé ọ̀dọ̀ àwọn tiyín tó fi kún. Mi ò rò pé ó lè dun ìyá kankan. Ẹ forí jì mí."

Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dun Ràúdátù. "Ẹ̀yin náà ńkọ́, Akọ̀wé? Ọmọ mélòó lẹ kọ sí tiyín?"

Ọláyíwọlá wolẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí òun àti Modúpẹ́ aya rẹ̀ ti ń wojú Ọlọ́run. Ojoojúmọ́ ló ń kọ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ. Bó bá kan tirẹ̀, ìlà ló máa ń fà sójú ibẹ̀.

"Mi ò kọ ẹnì kankan," ó wí. "Mi ò ní ẹni tí mo lè kọ."

"Asitafurulai!" Ràúdátù fọwọ́ bo ẹnu. Gbogbo ìbínú rẹ̀ rọlẹ̀, àánú ṣe é dé egungun. Ó tú ọ̀já, ó sọ Safiyat kalẹ̀, ó gbé e lé Ọláyíwọlá lórí itan.

"Ìwé Alájì ti kún," ó wí. "Ẹ kọ èyí sí tiyín."

Ọláyíwọlá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. "Òfin ò gbà bẹ́ẹ̀, ìyàwó wa."

"Mi ò bá òfin sọ̀rọ̀," ni Ràúdátù wí. "Ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀." Ó wọlé lọ kó ẹrù rẹ̀.

Ọláyíwọlá ló gbé Safiyat lọ́jọ́ náà, láti Pàkátà títí dé ilé Alájì, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.