Àrọ̀ Inú Àgbá

Ọṣẹ ìfọṣọ ni ìyàwó mi ń gé wẹ́wẹ́ láàárọ̀ Sátidé kan, lórí pátákó tó fi ń gé ẹ̀fọ́, nílé wa ní Muṣin. Òun la máa ń fi ṣe ìjẹ lẹ́nu ìwọ̀, torí ẹja ńlá odò Ògùn kì í kọ òórùn ọṣẹ. Ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Èmi ń wo àyà rẹ̀, bó ṣe ń gòkè, tó ń sọ̀kalẹ̀. Dókítà ti sọ fún wa pé ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ká sinmi ní Sátidé yẹn. Ó ní etí odò ni wọ́n bí òun sí, ibẹ̀ lòun ti ń mí dáadáa, kì í ṣe nínú èéfín tó ń fẹ́ wá láti Ìlúpéjú.

Ní Ìṣẹrì, a wọ ọkọ̀, mo gba àjẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, èmi olùkọ́ tí n kò mọ bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́. Odò ti kún, ó pọ́n, ó ń sáré. Nígbà tí ẹja àrọ̀ kan tó gbé ìwọ̀ wa mì yọ orí, orí rẹ̀ fẹ̀ bí abọ́ tí a fi ń po gàrí, ọkọ̀ wa sì fì. Mo ju àjẹ̀ sílẹ̀, mo gbá ìyàwó mi mú láti ẹ̀yìn. Ó bu eérú nínú agolo mílíìkì tó máa ń gbé dání, ó fi ra ọwọ́ kí ẹja má baà yọ̀ bọ́.

“Tíṣà, ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ dì mú,” ó wí. “Ẹ fi mí sílẹ̀.”

N kò fi í sílẹ̀. Lábẹ́ ọwọ́ mi, ọkàn rẹ̀ ń lù, ó ń dúró, ó tún ń lù. Ó di ẹja náà mú lẹ́yìn orí, níbi tí ẹ̀gún rẹ̀ kò ti lè gún un, ó sì fà á wọ inú ọkọ̀.

Nígbà tí a ń bọ̀ wálé, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀rù ba tíṣà ju ẹja lọ. A gbé àrọ̀ náà sínú àgbá omi lẹ́yìnkùlé, a fi pátákó dé e, a gbé òkúta lé e. Ọjọ́ Sọ́ńdè ló fẹ́ sè é. Ó ní ó kàn rẹ òun díẹ̀, ó lọ dùbúlẹ̀. Mo jókòó tì í, mo ń wo àyà rẹ̀. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ṣì wà lójú fèrèsé nígbà tí n kò rí i kó tún gòkè mọ́.

Ilé kún fún àwọn tó wá bá mi kẹ́dùn. Wọ́n ń sè, wọ́n ń fọ̀, wọ́n ń bá mi dáhùn ìkíni. Wọn ò jẹ́ kí n gbé nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó rántí àgbá. Lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ wọn ti lọ, mo gbọ́ tí nǹkan ń lu irin lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀rù bà mí láti ṣí i: bó bá ti kú ńkọ́? Bó bá sì wà láàyè ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi obìnrin ní òun á pe ẹni tó máa bá wa pa á. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ṣe é.

Mo gbé agolo eérú ìyàwó mi wá, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì dà sí mi lẹ́sẹ̀. Mo fi èyí tó ṣẹ́kù ra àtẹ́lẹwọ́. Mo gbé òkúta àti pátákó kúrò lórí àgbá, mo ti ọwọ́ bọ omi, mo wá ẹ̀yìn orí àrọ̀ náà títí mo fi rí i, mo dì í mú, mo sì gbé e jáde.