Ọjọ́ Jímọ̀ Tí Ọ̀gá Mi Sẹ́ Dànù

Mo rántí bí ojú ṣe máa ń ta mí nígbà tí mo ń bá ilé iṣẹ́ kan tó ń fa wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì wọ ilé àwọn èèyàn ṣiṣẹ́ ní Sabon Gari nílùú Kano. Gíráàfù ló ń fà á. Módẹ̀mù ilé oníbàárà kọ̀ọ̀kan máa ń ròyìn ara rẹ̀ fún wa lójoojúmọ́, kọ̀ǹpútà á sì fi ìlà ya ìròyìn náà pa mọ́: bí ìlà bá tẹ́jú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára nìyẹn; bó bá ń fò, ó ń já. Bí èèyàn bá ṣí gbogbo ìlà ọ̀hún pọ̀, ṣe ló máa rí bí irun tí a kò yà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sẹ́ ẹ bí ẹní sẹ́ ògì: àdúgbò wo, wákàtí wo, ọjọ́ wo. Mo rò nígbà náà pé kò sí ohun tó lè sá pa mọ́ fún ẹni tó bá mọ gíráàfù kà. Ọgbọ́n ọmọdé.

Tíṣà kan wà lẹ́yìn ọjà, obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì. Orí kọ̀ǹpútà ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó wà lókè òkun lédè wa ní ìrọ̀lẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá ń já mọ́ ọn lẹ́nu, àwọn tó gbà á síṣẹ́ sì ti kìlọ̀ pé bí jíjá náà kò bá dáwọ́ dúró, àwọn á wá ẹlòmíràn. Fíìmù làwọn ará òpópónà tó kù ń wò ní tiwọn, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ fura. Mo pààrọ̀ módẹ̀mù tíṣà, mo pààrọ̀ wáyà rẹ̀, pàbó ni.

“Ọmọ mi, please, bá mi wá nǹkan ṣe sí i,” ló máa ń wí. “Friday nìkan làwọn ọmọ yẹn ń gbọ́ mi dáadáa. Ọjọ́ tó kù, màá kàn máa pariwo hello, hello bíi wèrè.”

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ọ̀gá mi.

“Friday kẹ̀? Gbogbo ọ́fíìsì Kano ló ń tètè close lọ́jọ́ yẹn, ó máa ba average wa jẹ́. Generator ṣọ́ọ̀ṣì iwájú ilé wọn ni, mo ti sọ fún ẹ.”

Ó ti sẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kúrò nínú gbogbo gíráàfù wa pátá. Ó ń rán mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ṣáá, wòlíì ibẹ̀ á pa jẹnẹrétọ̀, ìlà á ṣì máa fò sókè sódò. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ mi sú wòlíì.

“Ẹ tún ti dé? Ṣé generator ni kí n pa ni, àbí ìsìn?”

Inú bí mi dé góńgó. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá lọ sí Hotoro, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, mo dá ọjọ́ Jímọ̀ padà. Ó wà níbẹ̀ gbangba! Ìlà tó ń ta gìrì láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, títí kan ọjọ́ Ìsinmi, máa ń tẹ́jú láti ọ̀sán Jímọ̀ di àárọ̀ Sátidé. Ta ló ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi ní òpópónà yẹn, tó sì ń ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án Jímọ̀ láìtún ṣí i mọ́ lọ́jọ́ náà? Alájì télọ̀ nìkan ni, tó ń fi ẹ̀rọ ńlá ṣiṣẹ́ ọnà sára agbádá. Mo lọ bá a níbẹ̀. Oníbàárà wa lẹni tó lo ṣọ́ọ̀bù náà ṣáájú rẹ̀. Nígbà tó kó lọ, wáyà rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ, ó ń gba ìdààmú iná ẹ̀rọ náà wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbogbo òpópónà.

“Sannu da aiki,” ni Alájì kí mi ní èdè Haúsá, pé mo kú iṣẹ́. “Wáyà yìí? Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ń ṣe nǹkan kan. Ẹ gé e jàre.”

Mo gé e, mo sáré lọ bá tíṣà. Ó ti di kọ̀ǹpútà rẹ̀ sínú páálí.

“Wọ́n ti fi ẹlòmíràn sí i lánàá,” ó ní. “O ṣeun, ọmọ mi. Bá mi já módẹ̀mù yẹn, kí ẹ gbé e fún ẹni tó máa lò ó.”

Ọwọ́ mi ni mo fi já a.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá ṣí gíráàfù òpópónà náà níwájú gbogbo wa, ó ní kí kọ̀ǹpútà sẹ́ àwọn ilé tó níṣòro jáde. Ẹyọ kan kò jáde. Ó pàtẹ́wọ́ fún mi, àwọn tó kù náà pàtẹ́wọ́. Nassarawa GRA ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń bí mi nínú. Ilé tíṣà kò lè sí lára ilé tó níṣòro, torí módẹ̀mù tí a bá ti já kì í ní ìlà mọ́.