Ọ̀bẹ Mẹ́ta tí Mo Rà fún Màámi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bá mi jókòó díẹ̀, kí n ròyìn bí ọ̀bẹ mẹ́ta kan ṣe di tèmi. Ó ti pẹ́. Láàárín àwọn ọdún 1990 ni, nígbà tí mo ṣì ń gbé pẹ̀lú Màámi ní Ìsàlẹ̀ Èkó, nínú ilé tí wọ́n bí wọn sí.

Ṣé ẹ mọ àwọn ilé ìdáná ìgbà yẹn? Tiwa wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Bí mo bá na ọwọ́ méjèèjì, ògiri ni mo máa kàn lọ́tùn-ún lósì. Sítóòfù kan, ìkòkò mẹ́rin, ó tán. Kò sí àyè fún tábìlì, ẹnikẹ́ni ò sì wá tábìlì. Orí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ni Màámi máa ń jókòó sí, tí wọ́n á máa rẹ́ ilá lọ́wọ́ sínú abọ́, wẹ́wẹ́ báyìí.

Àrùn rọpárọsẹ̀ wá kọlù wọ́n, ó mú apá òsì. Nígbà tí a kúrò ní ọsibítù, wọ́n ń rìn díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Bùọ̀dá mi tó ń ránṣọ ní Kàdúná wá wò wọ́n, ó ní ọ̀dọ̀ òun ni Màámi máa lọ. Tápíìsì ni mí ní ọ́fíìsì lọ́yà kan ní Igbosere, àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, àwọn ayálégbé tó kù náà ń jáde, kò sẹ́ni tó máa bá wọn gbélé. Màámi ní àwọn ò lọ síbì kankan. Wọ́n fà á títí, Bùọ̀dá mi wá ní ó dáa, òun á padà wá níparí oṣù. Bí òun bá bá Màámi tí wọ́n ń se ọbẹ̀ fúnra wọn, òun á fi wọ́n sílẹ̀.

Lójoojúmọ́ tí mo bá dé, ilá tí mo rà á ṣì wà bó ṣe wà. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní ọ̀bẹ ilé ti wúwo jù, èèkù rẹ̀ sì ń yọ̀. Ẹ gbọ́ o, inú mi dùn! Bó bá jẹ́ ti ọ̀bẹ ni, ṣebí Èkó la wà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí mo ṣíwọ́, mo gba Ìdúmọ̀tà lọ, sí ṣọ́ọ̀bù bàbá Ìjẹ̀bú kan tó ń ta ohun èlò ilé ìdáná. Wọ́n kọ́kọ́ gbé sẹ́ẹ̀tì ọ̀bẹ méje jáde, tí gbogbo rẹ̀ dúró sínú igi. Igi yẹn nìkan á gba ibi tí sítóòfù wà. Wọ́n mú mẹ́fà mìíràn wá, tó léyín bí ayùn. Ta ló fẹ́ fi ayùn rẹ́ ilá? Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni sẹ́ẹ̀tì ọ̀bẹ mẹ́ta, èèkù pupa, ó fúyẹ́. Mo di ọ̀kọ̀ọ̀kan mú jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò lágbára. Ó tó ogún ìṣẹ́jú tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Bàbá náà ní, "Àǹtí, ta ló fẹ́ lò ó gan-an?"

Mo ṣàlàyé àìsàn Màámi fún wọn.

"Ọwọ́ wo ló ń ṣiṣẹ́?"

"Ọ̀tún ni, sà."

"Ó bùṣe nìyẹn. Ẹ gbé èyí lọ. Ọlọ́run á ṣàánú Màmá."

Àwa méjèèjì rò pé a gbọ́n.

Láàárọ̀ Sátidé, mo gbé ilá síwájú Màámi, mo jókòó tì wọ́n. Wọ́n yẹ ọ̀bẹ tó kéré jù wò, wọ́n ní mo ṣeun. Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún mú ilá kan, wọ́n fi í sínú ọwọ́ òsì, wọ́n ká àwọn ìka náà mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n mú ọ̀bẹ. Bí ọ̀bẹ ṣe kan ilá, ilá bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ta ló máa ń ka ọwọ́ òsì mọ́ iṣẹ́ ọ̀bẹ? Láti kékeré ni mo ti ń rẹ́ ilá, mi ò ronú kan ọwọ́ tó ń dì í mú rí. Gbogbo ìgbà la ń sọ pé ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, mi ò mọ̀ pé ó kan ilá.

Mo sáré wá pákó pẹlẹbẹ kan. Ilá ń yí kiri lórí ẹ̀. Mo ní bóyá kí wọ́n fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dì í mú.

"Sìdí, ṣé oúnjẹ ni n óò máa fẹsẹ̀ tẹ̀?"

Mo wá bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi sọ pé ọ̀bẹ ló wúwo.

"Kí o lè rí nǹkan ṣe ni. Ọ̀bẹ ṣeé rà. Ọwọ́ ńkọ́?"

Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí n máa rẹ́ ilá sílẹ̀, ká sọ fún Bùọ̀dá mi pé àwọn ni. Wọ́n ní irọ́ ọ̀bẹ ti tó àwọn.

Bùọ̀dá mi dé níparí oṣù, ó wo pákó, ó wo ilá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Mo fi ọ̀bẹ kékeré sínú àpò Màámi, wọ́n yọ ọ́ padà. Ọdún méjì ni wọ́n lò ní Kàdúná. Ìyàwó Bùọ̀dá mi tọ́jú wọn dáadáa, mi ò lè parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá lọ, wọn kì í béèrè ilé mọ́. Ibẹ̀ la sin wọ́n sí.

Ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀? Kí ẹ tó ra nǹkan fún aláìsàn, ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ wo bó ṣe ń ṣe é. Kò sí ọ̀bẹ tó lè gba Màámi sílẹ̀, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ǹ bá má ti fi ogún ìṣẹ́jú yẹn yan ọ̀bẹ, ẹ̀gbẹ́ wọn ni ǹ bá ti lò ó.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti rà rí fún ẹni yín, tẹ́ ẹ gbé délé tán kó tó yé yín? Ẹ kọ ọ́ síbí, màá kà á. Àwọn ọ̀bẹ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá ń rẹ́ ilá, ọwọ́ òsì mi ni mo máa ń wò.