Ìdí-Ọsàn Náà Ní Oyè

Mo jókòó nínú ọkọ̀ ní gáréèjì Òṣòdì lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, agbèrò kan dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń pariwo: "Ọ̀yọ́ Aláàfin! Ọ̀yọ́ Aláàfin, ẹnì kan péré ló kù!" Kò pe Ṣágámù bẹ́ẹ̀ o. Ṣágámù kàn jẹ́ Ṣágámù lẹ́nu ẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti kan Ọ̀yọ́, á na ọrùn, á fi ọba kún un. Ẹ̀yin ọmọ, àgbà bíi tèmi yìí ṣì ń jowú ìlú, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà owó epo ni. Ìsọlọ̀ là ń gbé, ilé wa kò jìnnà sí ọjà Aswani, àwọn yàrá dojú kọra, ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló wà lágbàlá. Láràárọ̀, kí a tó lọ sílé ìwé, gbogbo àwa ọmọdé a tò síbẹ̀ pẹ̀lú péèlì. Ìyá Rájí tó nilé a jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, pákò lẹ́nu. Ọmọ tó bá kí i, oyè ìlú bàbá ọmọ náà ló fi ń dá a lóhùn. Délé ọmọ télọ̀ á dọ̀bálẹ̀: "Ìbàdàn Mesí Ọ̀gọ̀! Ṣé o sùn dáadáa?" Fúnmi, tí ìyá ẹ̀ ń ta àdìrẹ, á kúnlẹ̀: "Ẹ̀gbá ọmọ Olúmọ!" Tó bá wá kan Sàdíátù, ọ̀rẹ́ mi, Ìyá Rájí á yọ pákò lẹ́nu pátápátá. "Ọ̀yọ́ Aláàfin, òjò pa ṣẹ́kẹ́rẹ́! Ìlú tí àwọn ọba yòókù ń wò lójú!" Sàdíátù á gbé péèlì rù bí ẹni gbé adé, ẹ̀kán omi kan kò ní ta sílẹ̀.

Èmi ló máa ń tẹ̀ lé e. "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ yìí."

Ìyẹn ni tèmi. Ìdí-Ọsàn ni wọ́n ti bí bàbá mi, abúlé kan báyìí lápá Ìlaròó. Kò ní ọba, kò ní odi, kò jagun rí. Baálẹ̀ ibẹ̀ ń hun apẹ̀rẹ̀ tà.

Lọ́dún yẹn, ìjọba fi owó kún owó oṣù, bàbá mi sì ra tẹlifíṣọ̀n, àkọ́kọ́ nínú ilé wa. Gbogbo ọmọ ilé ló kún pálọ̀ wa lálẹ́. Mo ní ó tán, wọ́n á pè mí ní nǹkan gidi láàárọ̀. Mo kúnlẹ̀. Ìyá Rájí wò mí. "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ onítẹlifíṣọ̀n." Délé rẹ́rìn-ín títí ó fi da omi ara ẹ̀ nù. Mo sá wọlé lọ bá bàbá mi, mo ní kí wọ́n ra oyè fún ìlú wa.

"Wọn kì í tà á ní Aswani," ni bàbá mi wí, ẹ̀rín sì gbé wọn dé ikọ́.

Mo padà lọ bá Ìyá Rájí. "Màmá, ẹ pè mí ní Èkó Àkéte. Ṣebí Ìsọlọ̀ ni wọ́n bí mi sí."

"Àkéte ní àwọn tó ni ín. Ìlú bàbá ẹ ńkọ́? Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tí wọn kì í ṣe níbòmíì?"

N kò débẹ̀ rí. Nígbà tí a gba họlidé, bàbá mi mú mi lọ, Sàdíátù sì tẹ̀ lé wa. Eruku bò wá títí dé ìpéǹpéjú. Àǹtí bàbá mi, Ìyá Abọ́sẹ̀dé, jáde síta, wọn kò bèèrè ẹni tí a jẹ́. Ọ̀bẹ ni wọ́n mú. Wọ́n bó ọsàn fún Sàdíátù, wọ́n bó fún mi, a mu ún títí omi ẹ̀ fi ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ wa. Ìgbà náà ni wọ́n tó ní, "Ó dáa, ọmọ ta ni yín?" Gbogbo ilé tí a yà sí ló ṣe bẹ́ẹ̀. Òùngbẹ àlejò ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbọ́. Èmi, òrùlé koríko nìkan ni mo rí. Mo bẹ Sàdíátù kó má sọ nǹkan kan nílé.

Ó sọ ọ́. Àárọ̀ tí a dé, kí n tó kúnlẹ̀, ó ti bọ́ síwájú mi. "Màmá, ẹ má pè é ní onítẹlifíṣọ̀n mọ́. Ìdí-Ọsàn ni, a-bó-ọsàn-fálejò kó tó bèèrè orúkọ!"

Ìyá Rájí yọ pákò lẹ́nu. Nítorí mi! "Tún un wí." Sàdíátù tún un wí. Ìyá Rájí ní, "Ó tó oyè. Àwọn ìlú ńlá fi ogun gba tiwọn. Ẹ̀yin fi ọsàn gba tiyín."

Kí inú mi tó dùn tán, gbogbo ilé ti ń yin Sàdíátù. "Ẹ wo ẹnu ọmọ Aláàfin!" Oyè ìlú tèmi gan-an, ẹnu Ọ̀yọ́ ló ti jáde. Owú yẹn gbóná ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Sàdíátù fẹ́ ọkọ sí Apakun, nígbà tó darúgbó ó padà sí Ọ̀yọ́. Tó bá pè mí lórí fóònù, kì í dárúkọ mi. "A-bó-ọsàn-fálejò! Ṣé àlàáfíà ni?" Ìyá Rájí ti lọ, Délé ti lọ, Fúnmi kò mọ ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n ti wó ilé yẹn, aṣọ léèsì ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí, ẹ̀rọ omi di ibi tí wọ́n ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí. Ọkọ̀ ojú irin ṣì ń gba àárín Òṣòdì kọjá, àwọn èèyàn ṣì ń fi ọba kún orúkọ Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n Sàdíátù nìkan ló kù tó mọ oyè ìlú mi. Fídáù rẹ̀, àdúrà tí wọ́n ń ṣe fún òkú, ni mo ń lọ ní Sátidé yẹn.

Nítorí náà, Ọ̀yọ́ ní ọba, ó ní oyè, ó tún ti gba Sàdíátù sínú ilẹ̀ rẹ̀. Mo ru ọsàn tí mo rà ní Òṣòdì dé ẹnu ilẹ̀kùn ilé Sàdíátù. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan jáde, imú rẹ̀ gan-an ni imú Sàdíátù. Ó kúnlẹ̀ dáadáa.

"Ẹ káàbọ̀ mà. Kí lorúkọ yín?"

Pẹ̀lú gbogbo Aláàfin tí wọ́n ní, orúkọ ni wọ́n kọ́kọ́ bèèrè. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo mú ọ̀bẹ jáde, mo bó ọsàn kan fún un kí n tó dáhùn.