Omi Ẹni Tó Ń Bọ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ilé wa ní Ìtàjí kì í ṣe tiwa nìkan. Yàrá mẹ́ta tó kọjú sí títì jẹ́ ti àlejò: oníṣòwò tí ọkọ̀ bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́, tíṣà tí kò tíì rílé gbà, àwọn tó ń ra kòkó. Ìyá mi ló ń bójú tó wọn. Iṣu oko wa ni wọ́n ń jẹ, orí ẹní tí ìyá mi fọwọ́ ara wọn hun ni wọ́n ń sùn. Ẹ má bi mí léèrè fáànù, ẹ̀yin ọmọ òde òní. Fèrèsé là ń ṣí.

Òfin kan ṣoṣo ló wà. Àmù kan wà lọ́ọ̀dẹ̀ àwọn àlejò. Ẹni tó bá ń lọ ni yóò sọ̀kalẹ̀ lọ sódò, kó pọn garawa omi kan sínú rẹ̀ de ẹni tó ń bọ̀. Mo ti rí àlùfáà tó ru omi nílé wa.

Nígbà tó yá, ẹnì kan kọ́ ilé àlejò tó ní bẹ́ẹ̀dì onírin sí Ọ̀yẹ́, àlejò wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n. Bàbá mi ní bó bá ń lọ báyìí, kòkó ni àwọn yóò máa kó sí yàrá wọ̀nyẹn. Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu ìyá mi mọ́.

Àfi bí ọ̀gá kan tó ń yẹ ilé ìwé wò ṣe dé, tòun ti mọ́tò àti dírẹ́bà. Ó sùn sọ́dọ̀ wa. Láàárọ̀, bàbá mi fa ìyá mi sẹ́yìn ilé: "Má gbé garawa fún un o! Bí ulé wa bá wù ú, gbogbo tíṣà tó bá ń rán wá ni yóò dé sọ́dọ̀ wa."

Ìyá mi gbọ́ tán, wọ́n gbé garawa, wọ́n kúnlẹ̀. "Ọ̀gá, éè ṣe àfojúdi o. Ẹni tó sùn l'ulé yí ṣáájú yín ló pọn omi tí ẹ mu lánàá."

Dírẹ́bà sáré wá gbà á. Ọ̀gá náà dá a dúró. Ó bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò, ó lọ sódò. Nígbà tó máa dé, ìdajì omi ti dà sára táì rẹ̀. Ó da èyí tó kù sínú àmù, ó wọ mọ́tò, ó lọ. Bàbá mi ò bá ìyá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ ọjà kan dé èkejì. Inú bí èmi náà. Mo gbà pé ìyá mi ti fọwọ́ ara wọn ti ilé wa pa.

Kòkó ọdún yẹn ti ń gbẹ lórí ẹní nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ̀ nínú lọ́rì, tòun tìyàwó rẹ̀. Ó ní tíṣà tuntun lòun. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibí ni ilé tí ọ̀gá mi ti pọn omi sílẹ̀ dè mí?"

Ìyá mi bu omi fún un. Kòkó ò wọ yàrá wọ̀nyẹn títí ìyá mi fi kú.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọmọ mi fi mí wọ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì kan n'Íbàdàn. Ilé náà dára, n ò ní purọ́. Omi inú ike ni wọ́n gbé fún mi, wọ́n ní aago méjìlá ni kí n jáde, n ò sì mọ ẹni tó kàn. Kí n tó jáde, mo pọn omi kún garawa ilé ìwẹ̀. Ọmọbìnrin tó wá tún yàrá ṣe wò ó.

"Màmá, ṣé omi ẹ̀rọ ò yọ ni?"

Mo ní ó yọ. Ó gbé garawa náà, ó dà á nù.