Kaporáálì Tí Kì í Gbẹ́ Sàréè

Bí o bá gbẹ́ ilẹ̀ Kèrè dé orúnkún, òkúta ni yóò kí ọ káàbọ̀. Nítorí èyí, kò sí ilé kan tó lè dá gbẹ́ sàréè òkú rẹ̀. Bí èèyàn bá kú, ilé kọ̀ọ̀kan á yọ ọkùnrin kan, wọ́n á kó ọkọ́, wọ́n á gbé píọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń la àpáta, wọ́n á sì jọ bá ilẹ̀ jà títí òkú yóò fi ríbi sùn. Ọ̀wẹ̀ ni, kì í ṣe iṣẹ́ olówó. Ará ìjọ, abọ̀rìṣà, gbogbo wọn ló ń jáde.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í jáde. Éloi ni, tí wọ́n ń pè ní Kaporáálì.

Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́ ló wọ iṣẹ́ ológun Faransé. Wọ́n kó o lọ sí ogun Alijéríà, ó sì padà wálé pẹ̀lú àmì ẹ̀yẹ kan láyà àti ẹnu tó korò bí jogbo. Ó mọ iṣu gbìn, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ewúrẹ́ ẹnìkan bá ṣèèṣì wọ oko rẹ̀, yóò so ó mọ́lẹ̀ títí ẹni tó ni ín yóò fi wá dọ̀bálẹ̀. Ẹ kí i láàárọ̀, kò ní dáhùn. Bí ẹnìkan bá sì kú, yóò gbé ọkọ́ rẹ̀ sí èjìká, yóò gba ọ̀nà oko lọ níṣojú àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n bú u, àlùfáà tìkára rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀. "Mo ti gbẹ́ tèmi," ni gbogbo ohun tó máa ń sọ, kò sì la ìdí rẹ̀ yé ẹnikẹ́ni.

"Ta ni yóò wá gbẹ́ tìrẹ?" ni wọ́n máa ń bi í.

"Ẹ gbé mi jù sígbó."

Dorothée, ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún un, kórìíra rẹ̀. Kò sí ìdí láti máa dọ́gbọ́n sọ ọ́. Ọjọ́ tí ìyá Dorothée kú, àwọn ará Kèrè ló fi òwúrọ̀ dọ́sàn-án gbẹ́ ilẹ̀ fún un. Bàbá tó bí Gervais, tó jẹ́ olórí ọ̀wẹ̀ nígbà náà, ló ṣíwájú wọn. Kaporáálì wà lóko. Ìgbà tí wọ́n sin obìnrin náà tán ló dé, ó bu omi, ó fọ ẹsẹ̀, ó béèrè oúnjẹ. Dorothée gbé e fún un. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbé oúnjẹ fún un, láti ọjọ́ náà sì ni kò ti rẹ́rìn-ín sí i mọ́.

Nígbà tí àgbà dé sí bàbá, tí kò lè dìde mọ́, Dorothée tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ń wẹ̀ fún un, ọwọ́ tó sì fi ń wẹ̀ ẹ́ kò rọ̀. Lọ́jọ́ kan, ìbínú gbà á lẹ́nu.

"Kí ni ìyá mi fi ṣẹ̀ yín, tí ẹ ò lè gbẹ́ ilẹ̀ fún un?"

Bàbá ní, "Abúlé orí òkè kan ni, lọ́hùn-ún, ní Alijéríà. Ọ̀gá wa fún wa ní ṣọ́bìrì, ó ní ká gbẹ́ kòtò gígùn kan. Ó ní kí àwọn ọkùnrin abúlé náà jókòó tì wá. Oòrùn mú. Bàbá àgbà kan láàárín wọn rí i pé mò ń làágùn, ó na ife omi rẹ̀ sí mi. Ó rò pé ọ̀nà omi là ń gbẹ́ fún wọn. Mo gba omi náà, mo mu ún, mo dúpẹ́. Èmi ti mọ àwọn tí wọ́n fẹ́ pa sínú rẹ̀."

Ó yíjú sí ògiri. "Má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní Kèrè. Jẹ́ kí wọ́n máa bú mi."

Ọ̀rọ̀ náà kò yọ́ Dorothée nínú, ó tún bí i nínú sí i ni. Ìyá òun kò dé Alijéríà rí. Síbẹ̀ kò sọ ọ́ síta. Láti ìgbà tó ti dáyé, nǹkan kan ṣoṣo tí bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ pé kó bá òun tọ́jú nìyẹn.

Kaporáálì kú ní ọjọ́ Ẹtì kan. Àlùfáà ní òun yóò wá sin ín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé mọ́, ẹnikẹ́ni kò yọjú, òkú sì ti ń wú. Dorothée gbá ìró mọ́ ìdí, ó lọ bá Gervais, ẹni tó ti jogún ipò bàbá rẹ̀ nídìí ọ̀wẹ̀. Àwọn ọkùnrin jókòó tì í lábẹ́ igi kajú, wọ́n ń mu ọtí sódábì.

"Ẹ kú ìjókòó o. Fòfó Gervais, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀ yín. Ẹ bá mi gbẹ́ sàréè bàbá mi."

"Dorothée, a ò bá ìwọ jà," ni Gervais wí. "Ṣùgbọ́n ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Ọwọ́ ta ni bàbá rẹ wẹ̀ rí? Lọ pe àwọn sójà ẹgbẹ́ ẹ̀ kí wọ́n wá gbẹ́ ẹ."

Dorothée kúnlẹ̀. Wọn ò wò ó. Nígbà náà ni Dorothée tú ohun tí bàbá rẹ̀ ní kó má tú. Ó sọ ti kòtò gígùn náà, ó sọ ti omi tí bàbá àgbà fi tọrẹ fún ẹni tó ń gbẹ́ sàréè rẹ̀ lójú ara rẹ̀. Ojú ń tì í bó ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ tán.

Ọkùnrin kan ṣí fìlà. Dorothée rò pé ẹ̀bẹ̀ òun ti wọlé.

"Àṣé ó mọ̀ ọ́n gbẹ́!" ni ẹnìkan sọ láti ẹ̀yìn, ni ẹ̀rín bá bú.

Gervais kò rẹ́rìn-ín. "Ó ṣeni láàánú," ló wí. "Ṣùgbọ́n bàbá tèmi ò mọ ibi tí wọ́n ń pè ní Alijéríà, ó sì gbẹ́ ilẹ̀ ìyá rẹ títí ọwọ́ ẹ̀ fi bó. Nígbà tí òun náà kú, Kaporáálì gba iwájú òkú ẹ̀ kọjá lọ sóko. Ẹni tó bá fẹ́ bá Dorothée lọ, kó dìde."

Kò sẹ́ni tó dìde.

Obìnrin kì í gbẹ́ sàréè ní Kèrè. Dorothée gbẹ́ ẹ, òun àti Léa, ọmọ rẹ̀ obìnrin. Bó ṣe ń gbẹ́ ló ń ṣépè: ó ṣẹ́ fún Gervais, ó ṣẹ́ fún Faransé, ó ṣẹ́ fún òkú tó nà gbọọrọ nínú ilé. Kò pẹ́ tó fi kan òkúta, apá rẹ̀ kò sì ká a. Ibi tí kò jìn náà ni wọ́n tẹ́ Kaporáálì sí, wọ́n wá kó òkúta lé e lórí kí ajá má bàa hú u. Àlùfáà sáré gbàdúrà, ó gun alùpùpù rẹ̀ lọ.

Dorothée ní kí Léa máa lọ sílé. Ó wá lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì òkúta náà, ó sì bá ẹni tó kórìíra sọ̀rọ̀.

"Bàbá, mo ti sọ ọ́ fún wọn. Gbogbo rẹ̀ pátá ni mo sọ, wọ́n sì fi yín rẹ́rìn-ín. Ọkọ́ kan ṣoṣo kò tìtorí rẹ̀ bá mi wá."