Sàráà Ẹ̀gbọ́n Mi àti Owó-orí

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ta sìmẹ́ńtì àti páànù ní Ọ̀fà Gáréèjì. Bí ẹ bá fẹ́ kó bínú sí yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú àwọn èèyàn. Lójú tiẹ̀, sàráà tí etí kejì bá ti gbọ́, láàdá rẹ̀ ti dín kù. Bó bá ń fi ìrẹsì ránṣẹ́ sílé àwọn ọmọ òrukàn tó wà ní GRA, á ní kí dírẹ́bà ṣáà sọ pé, "Ẹrú Ọlọ́run kan ló ní ká gbé e wá."

Ó wá di ọdún tó kọjá. Ọmọbìnrin tó ń bá a ṣe ìṣirò owó-orí wá láti Tanke, ó ní èrè ọdún náà ti fi díẹ̀ kọjá ààlà, owó-orí sì máa fò sókè.

"Àfi tí ẹ bá ti ṣe ìtọrẹ àánú, sà. Wọ́n á yọ ìyẹn kúrò nínú èrè yín, ẹ ó sì bọ́ sábẹ́ ààlà. Rìsíìtì ẹ̀ ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n wojú mi. Mo ní, "Màláíkà ló ń bá wọn tọ́jú rìsíìtì."

Báyìí la ṣe gba GRA lọ. Kò yéé ráhùn lọ́nà: tóun bá dárúkọ, láàdá á lọ, tóun ò bá dárúkọ, owó á lọ. Nígbà tí a débẹ̀, ó wúkọ́ títí kó tó lè sọ fún ìyá tó ń ṣàkóso ilé náà pé òun gan-an lẹrú Ọlọ́run.

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Alhaji! Ta ni ò mọ̀? Ṣebí orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín ló wà gbàgàdà lára ọkọ̀ tó ń gbé ìrẹsì wá! Àwọn ọmọ ń fi orúkọ yín ṣàdúà."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ náà ti kọ́kọ́ wá ni."

Áà, ẹni tó fi ewé bojú, tó ní ayé ò rí òun! Ẹ̀gbọ́n mi mí kanlẹ̀. "Ó dáa, ìgbà tó ti tú náà, ẹ bá mi kọ rìsíìtì."

"A ti kọ gbogbo ẹ̀, sà. 'Ẹrú Ọlọ́run' la kọ síbẹ̀, bí ẹ ṣe wí. Àwọn tó ń yẹ ìwé wa wò ti fọwọ́ sí i. Kò ṣeé yí padà mọ́."

Ó san owó-orí náà pé. Bó ṣe ń yọ ìwé ẹ̀rí owó-orí náà jáde lápò, mo bi í léèrè pẹ̀lẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká bá yín fi eléyìí pa mọ́?"

"Fi kí ni pa mọ́? Wálàhì, iwájú ṣọ́ọ̀bù ni mo máa gbé e kọ́ sí!"

Ó sì gbé e kọ́ síbẹ̀.